Àmì Pupa Ẹnu Ọ̀nà Abà Láwàl

Abà Láwàl,
Lójú ọ̀nà Ìdèrè sí Ayete,
Ìbàràpá.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Nàfísàt ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùm. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó kò le jù? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ kò pa á lára? Hàlímọ̀ ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó ká ti ń hù padà, àbí ó ṣì ń fi àlàfo yẹn rẹ́rìn-ín? Bí ẹ bá ń béèrè wa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Orí kò fọ́ wa, àgbàdo ti gbó, a ti fọ́ bàrà sílẹ̀ kó lè jẹrà kí a tó fọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀, òórùn rẹ̀ ló gba gbogbo abà kan báyìí, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù tí o bá dé. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a gbúròó aburú nípa ara wa. Àmín.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà, nígbà tí fóònù tí o rà fún mi kò bàjẹ́. Kò bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà, bí n kò bá pariwo dáadáa, ó á ti rẹ ohùn mi kó tó kọjá Àbẹ́òkúta, bí mo bá sì pariwo, màmá rẹ á gbọ́. Láti bí ọjọ́ mẹ́rin ló ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìnkùlé wá sẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ló ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó ní atẹ́gùn lòun ń gbà. Nítorí náà mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, Gbénró ọlọ́kadà wa ni yóò bá mi mú lẹ́tà yìí dé gáréèjì Ìgbó-Ọrà. Ọ̀rọ̀ ojú màmá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, n kò sì fẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́.

Ojú ọ̀tún ti lọ, Nàfísàt. Nígbà tí mo sọ fún ọ pé ó bu iyọ̀ sínú ògì dípò ṣúgà, o rẹ́rìn-ín, èmi náà bá ọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Dókítà ojú tí a lọ bá ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, ó ní oògùn tí à ń kán sí tòsì ni kò ní jẹ́ kí ìyẹn náà tètè lọ. Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́hun. Èyí tó ń dun màmá rẹ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni Hàlímọ̀. Ìgbà tó wá wẹ ọmọ náà fún ọ ló rí i mọ, lẹ́yìn náà ni ẹ kó lọ sí Kánò, èṣí lẹ tó padà sí Èkó. Ojú ọmọ ọwọ́ ló mọ̀, kò mọ ojú ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí ẹ kò bá wá ní họ́lídé yìí, n kò mọ ohun tí yóò kù lójú rẹ̀ tó máa fi rí i lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó wá kan ìwé ètò ìrìn àjò tí o fi ránṣẹ́. Tíṣà Purity, ọmọ Malachi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Ìdèrè, ló bá mi kà á látinú fóònù. Inú mi dùn pé ìwọ àti ọmọ rẹ nìkan lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ rìn ín, mo mọ̀ pé o mọ ọkọ̀ wà. Ọjọ́ kìíní, ẹ gun Olúmọ. Ọjọ́ kejì, ẹ wẹ̀ nínú omi òtẹ́ẹ̀lì, bí ẹni pé kò sí omi ní Èkó. Ọjọ́ kẹta, Bàbá àti Màmá, wákàtí méjì, bí ọ̀nà bá dára. Ọjọ́ kẹrin, Ìbàdàn, láti àárọ̀ dalẹ́ ẹ ń wo kìnnìún. Nàfísàt! Wákàtí méjì, adìyẹ tí mo fẹ́ pa fún yín kò tíì ní jinná. Kìnnìún gba odindi ọjọ́ kan, kìnnìún tí kò bí ọ, tí kò gbé ọ pọ̀n, tí kò rán ọ nílé ìwé. Mo bi Purity pé níbo ni bàbá ti ń fọwọ́ sí i. Ó ní kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Mo sọ fún un pé ìwé tó bá ti ní ọjọ́ àti aago lára, fọ́ọ̀mù ni, ọmọdé kò lè kọ́ mi nípa ìyẹn. Mo ní kó dà á kọ sórí ìwé fún mi, mo buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà pé A KÒ GBÀ. Ó wà nínú àpòòwé yìí, mú un padà fún àwọn tó fún ọ.

Dúró ná, mo gbọ́ ìró ọkọ̀.

Mo ti padà dé. Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ẹ tó gbéra, n kò ya wèrè, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbà kí n jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gé koríko ẹ̀bá ọ̀nà lọ́sẹ̀ yìí. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ìdí afárá dé ilé wa, ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ ó lé díẹ̀ ni, kí o lè mọ̀.

“Bí ọ̀nà bá dára” tí o kọ yẹn ló ń dà mí láàmú. Bí ti èṣí náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dé ìdí afárá, obìnrin inú fóònù rẹ ní ọ̀nà ti parí, òjò ń bọ̀, ọmọ ń bì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ẹ ṣẹ́rí padà. Èmi àti màmá rẹ jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ títí ó fi tutù. N kò bá ọ wí, o kò mọ abà yìí, ìgbà tí o ti wọlé ọkọ la tó kó kúrò nílé Ìdèrè wá sí abà bàbá mi. Obìnrin yẹn ni mo bá wí. Ọmọ ta ni? Ará ibo ni? Báwo ni ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ Ìbàràpá rí ṣe máa jókòó sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tí yóò máa pàṣẹ? Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òun kì í béèrè. Purity ní kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀. N kò bá a jiyàn. Síbẹ̀ bí ó bá tún bá yín wá, àlejò ni, ẹní rẹ̀ wà nílẹ̀, iṣu rẹ̀ sì wà nínú àká. A ó kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ kí n tó bá a sọ ohun tó wà nínú mi.

Purity ló wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ó ní máàpù inú fóònù kò mọ abà wa ni. Ó mọ Ìgbó-Ọrà, ó mọ Ìdèrè, ó mọ Ayete, ó tilẹ̀ mọ abà Búrẹ́mọ̀ àbúrò mi, tí kò ju ilé mẹ́ta àti ewúrẹ́ aláìgbọràn lọ. Ó fi abà wa hàn mí láti òkè, bí àṣá ṣe ń rí i. Mo rí òrùlé wa, mo rí páànù tí ìjì ṣí, èyí tí mo ti sọ fún màmá rẹ tipẹ́ pé mo ti kàn. Ojú tì mí. Mo gùn ún lọ kàn án lọ́jọ́ náà gan-an, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti wẹ̀ ní gbangba ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo jáde síta, mo ju ọwọ́ sókè, mo ní kí Purity wò ó bóyá mo ti hàn. Ó ní rárá, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ya àwòrán náà. Ìgbà náà ni mo tó rí aṣọ màmá rẹ lórí okùn, ó tò tẹ̀léra, funfun pẹ̀lú funfun, aláwọ̀ pẹ̀lú aláwọ̀, bó ṣe máa ń sá a nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá.

Purity tẹ fóònù títí, ó ní ó ti parí, òun ti fi àmì pupa síwájú ilé wa, ọ̀nà kò ní parí mọ́ lójú ẹni tó bá ń bọ̀ láti Èkó. Mo ṣàdúà fún un, ó lọ. Mo jáde lọ wo àmì. N kò rí nǹkan kan. Mo yí ilé po lẹ́ẹ̀mẹta, mo wo abẹ́ igi kajú, mo gbé odó kúrò níbi tó wà, kò sí. Mo rò ó pé bóyá òjò ti fọ̀ ọ́ lọ, tàbí kí ewúrẹ́ Búrẹ́mọ̀ ti lá a. Ọmọ náà ti ṣe tirẹ̀, n kò lè tún lọ dà á láàmú. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè, mo ra ọ̀dà pupa, mo ri òpó igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ga jù mí lọ, mo kùn ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi ìyókù kun iwájú ilé.

Ohun tó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹ̀bi mi. O mọ̀ pé ọ̀dà pupa ni ìjọba fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó. Búrẹ́mọ̀ rí i, ó figbe ta, ó gbé adìyẹ kan wá bá mi kẹ́dùn, mo sì ti gba adìyẹ kí n tó mọ ohun tó ń bá mi kẹ́dùn lé lórí. Kí n tó là á yé e, ọ̀rọ̀ ti dé abà kejì pé ọ̀nà ńlá ń bọ̀, pé ìjọba á fún gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ bá pupa lówó. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ilé mẹ́jọ ló ti pupa láti ìdí afárá dé ọ̀dọ̀ wa. Búrẹ́mọ̀ kun tirẹ̀ tán, ó tún kun igi máńgòrò mọ́ ọn. N kò wá mọ bí obìnrin inú fóònù ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tiwa, èyí ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ mọ́.

Nítorí náà gbọ́ bí ẹ ó ṣe rìn. Ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ gba Àbẹ́òkúta wọ Ìgbó-Ọrà. Bí Hàlímọ̀ bá rí ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà, tó tún rí ọmọbìnrin náà níwájú, má rò pé obìnrin inú fóònù ti ń yí yín po lójú kan, ìbejì ni, wọ́n pọ̀ níbẹ̀, kí ọmọ náà juwọ́ sí méjèèjì. Èmi fúnra mi á ti dúró nídìí afárá láti àárọ̀. Gbé kìnnìún yẹn sílẹ̀ jàre, bí ọmọ bá fẹ́ wo ẹranko, ewúrẹ́ Búrẹ́mọ̀ wà, òun náà máa ń bínú. A ó mú un lọ sódò lọ fọ ẹ̀gúsí, yóò jẹ láfún, yóò sùn sáàárín èmi àti màmá rẹ.

Ti owó, ojú ń tì mí, àmọ́ ta ni n ó sọ fún? Bá wa wá owó oògùn ojú, ìgò tó wà nílẹ̀ kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì fi ti ọ̀dà pupa díẹ̀ kún un, òjò ti ń bó òpó wa. Má fi í sí báǹkì. Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní kí n gbé ojú mi síwájú kámẹ́rà, kí n máa ṣẹ́jú, kí báǹkì lè mọ̀ pé èmi ni. Mo sọ fún un pé bí báǹkì bá fẹ́ mọ̀ mí, kó béèrè mi ní Ìdèrè. Purity ni kí o fi í ránṣẹ́ sí.

Nàfísàt, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn tí màmá rẹ fi kan ilẹ̀kùn. Ó ní láti ogójì ọdún tí òun ti wọlé mi, n kò ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án rí, pé ojú òun ni mo ń kọ̀wé lé lórí. N kò lè purọ́. Ó fọwọ́ wá bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní atẹ́gùn ló ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kì í ṣe atẹ́gùn. Ó ní òpó pupa yẹn ni. Ó ní gbogbo nǹkan ló ti di kùrukùru lójú òun, ilé, igi, èèyàn, àní èmi pàápàá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti kun òpó náà, òun ń rí i. Ó ní pupa rẹ̀ dúró gbọnin lójú ọ̀nà, òun sì ń jókòó wò ó kí òun má bàa gbàgbé bí nǹkan ṣe ń rí. Mo sunkún, n kò tijú láti sọ ọ́.

Ó wá ní kí n kọ tòun. Ó ní kí o wá aṣọ pupa wọ̀ fún Hàlímọ̀, pupa tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tó ti ṣá. Tí ẹ bá dé ìdí òpó, kí o sọ ọmọ náà kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kó sáré wá bá òun, kó má rìn jẹ́jẹ́, kí òun lè rí i bó ṣe ń bọ̀. Tó bá ti dé itan òun, ìyókù, òun á fi ọwọ́ wò ó. Ó ní kí ẹ má dààmú ara yín lórí ilé mẹ́jọ tó pupa, ibi tí ẹ bá ti rí obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ni.

Ọlọ́hun á ṣíwájú ọkọ̀ yín, á tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹ kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. A ó fojú rinjú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín.

Màmá rẹ tún ní kí n mú fọ́ọ̀mù yẹn jáde nínú àpòòwé, kí n pa A KÒ GBÀ tí mo kọ síbẹ̀ rẹ́. Mo ti pa á rẹ́. Ó ní wákàtí méjì tó, òun á yára wo ọmọ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
mo ń lọ wo ọ̀nà.