Ìpín Ẹran Mẹ́fà

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìhín. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà l'Ẹ̀pẹ́? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbògbò, mo kí àbúrò yín l'Ágbọ̀wà.

Lẹ́tà tí mo fi bá yín jiyàn, Ọjà Olúwo ni Ráúfù àbúrò mi ti kà á fún yín, lójú àwọn tí ẹ jọ ń ta ẹja. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn tẹ èyí jáde, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè détí wọn. Ẹ ní mo ti lo ọdún mẹ́fà nílùú òyìnbó. Mo ní mẹ́rin ni, pé ogbó ló ń mú yín gbàgbé. Ẹ wá ní kí Ráúfù kọ ọ́ sí mi pé: “Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo ti mú ìpín ẹran Iléyá rẹ ṣe sàráà. Nínú àwọn tó jẹ ẹ́, àwọn méjì wo ni kí n lọ gbà á padà lẹ́nu wọn?” Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, n kò lè jókòó mọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Létí òkun níbí, à ń wa ẹran omi kan tó máa ń rì sínú iyanrìn, ìkarahun rẹ̀ méjì, wọ́n padé mọ́ra. Bí òtútù bá mú, kì í dàgbà títí oòrùn á fi padà; ibi tó dúró sí yẹn á di ilà kan lára ìkarahun. Ilà kan, ọdún kan. Èmi ni mo máa ń kà á, tí mo sì ń wọn àlàfo àárín wọn. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo ka ọ̀kan, mo ní mẹ́sàn-án. Ọ̀gá mi fi awò wò ó, ó ní mẹ́tàlá ni. Ó ní nígbà èwe ẹran náà ni àlàfo máa ń fẹ̀. Bó bá dàgbà tán, àwọn ilà á há mọ́ra létí ìkarahun, ojú á sì máa fo wọ́n.

Mo jáde. Mo rìn létí omi nínú òjò títí ẹsẹ̀ mi fi kú, mo ń ka ọdún tèmi. Èkíní fẹ̀ dáadáa: ọkọ̀ òkun, yìnyín, bàtà tó ń jò. Èkejì náà fẹ̀. Àwọn tó kẹ́yìn, iṣẹ́ àti yàrá, yàrá àti iṣẹ́. Mo ti kó kúrò ní yàrá márùn-ún, ara mi ò sì balẹ̀ síbì kankan. N kò rí ohun tí mo lè fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Mẹ́fà ni lóòótọ́, Ìyá mi. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mo ń lọ. Ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ á dé Èkó kí Iléyá tó pé.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, ojú wa á rí ara wa láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bá mi jẹ ẹran. Ìpín keje, ẹ má fi ṣe sàráà.

Èmi ni ọmọ yín,
Làsísì