Rárá Mẹ́rìnlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnu yín ṣe afárá fún àwọn ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù fún ọdún gbọọrọ, èmi ọmọ yín náà ti di ògbùfọ̀ báyìí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé kí n ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tàbí kí n ṣe nọ́ọ̀sì, kí n sáà má ṣe iṣẹ́ tí wọ́n á fi máa gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mi ò gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sí pálọ̀ yín ní ọ̀sán Sátidé yìí, tí mo ń kọ̀wé sí ẹni tí kò ní fèsì.

Iṣẹ́ náà nìyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti òkè òkun ló kọ̀wé sí ọ̀gá mi, pé òun fẹ́ mọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì káàkiri ayé ṣe máa ń ro àròtúnrò. Ìyẹn ni pé kí nǹkan ṣẹlẹ̀, kó ti kọjá, kí ènìyàn sì máa rò ó lọ rò ó bọ̀, bí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ tó tún ń jẹ ohun tó ti jẹ. Ó ti bi àwọn ará Ṣáínà, ó ti bi àwọn ará Jámánì, ó wá ku àwa. Ìbéèrè mẹ́rìnlá ni. Ẹni tó bá ń dáhùn á sàmì sí ọ̀kan nínú mẹ́rin: Rárá, Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Nígbà púpọ̀, Nígbà gbogbo. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ọ́ di Yorùbá tí ọmọ Ọjà'ba á gbọ́ láìbéèrè. Nígbà tí mo ṣe é tán, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí, ó tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá mo ju nǹkan nù lójú ọ̀nà. Bàbá, nǹkan kan ò sọnù. Ọ̀gá mi ní àfi bíi pé ìlú yìí ni wọ́n bí àwọn ìbéèrè náà sí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré wálé wá sọ fún yín, kí n tó rántí.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ò ní àmì ohùn. Báírò ni mo fi fi àmì sórí gbogbo ẹ̀dà ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìka mi fi wú. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ló dá mi dúró nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní: ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ máa ń padà wá bá mi, èmi á sì máa tún un sọ nínú ara mi. Ẹ̀yin ni mo rí. Mo rí yín lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Màpó sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti kóòtù, fìlà wà lórí orúnkún, ẹ ń fi etí bùbá nu awò ojú, ètè yín sì ń mì. Àwa ọmọdé rò pé àdúrà ni. A ó ní kí ara wa dákẹ́, a ó fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá níwájú yín. Lẹ́yìn tí a sin yín ni Màmá tó sọ fún mi nípa obìnrin kan tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù, tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ gbé e bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, bí òfin ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba obìnrin náà, gbogbo ohun tó yẹ kó sọ ló gbé mì, ẹ̀yin gbọ́ ohun tó gbé mì, kò sì sí nínú iṣẹ́ yín láti bá a pọ̀ ọ́ jáde. Ṣé òun lẹ ń tún sọ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Èé ṣe tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?

Mo kó ìwé lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Mo pín in ní kíláàsì, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọ orúkọ, pé kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Gbogbo wọn tètè ṣe tán àfi ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Rísìkátù lorúkọ rẹ̀, mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ni pé òun kò ní kọ orúkọ. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó dojú ìwé rẹ̀ délẹ̀, ó tì í bọ àárín tàwọn yòókù, ó sì lọ.

Nígbà tí mo délé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Rárá, Rárá, Rárá, láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan tó dájú pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé òun ò gbà á, kì í ṣe ìpín òun. Ẹlòmíràn fi báírò pupa fagi lé ìbéèrè keje, ó kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè keje ò ju pé ṣé ìbànújẹ́ àná máa ń dí ọ lọ́wọ́ lónìí. Àfi ìgbà tí mo ka ogún ìwé ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Àṣìṣe tí kò yẹ kí ọmọ Ìbàdàn ṣe ni mo ṣe, Bàbá. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé nǹkan ò dáa fún òun? Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ilé rẹ̀ jó á ní òun dúpẹ́ pé kò jó ènìyàn. Ẹni tó wà lórí ẹní àìsàn á ní ara ń le. A kì í fi ẹnu ara wa pe ibi, áńbọ̀sì báírò. Mo wá fi Yorùbá tó dáa jù lọ bi wọ́n ní ohun tí kò sẹ́ni tó ń fi Yorùbá dáhùn. Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní iye ni iye, ó ti kọ̀wé sí Ọ̀jọ̀gbọ́n pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ro àròtúnrò, pé bóyá gbígbé inú agbo ilé ni kì í jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ọ̀gá mi ò gbé inú agbo ilé rí.

Ó sì yẹ kí n mọ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi ara yín kọ́ mi? Ọjọ́ Ajé yẹn, mo ń lọ sí Gbági lọ ra aṣọ, mo yọjú sí yín, mo béèrè bí ara ṣe rí. Ẹ ní ẹ dúpẹ́. Ojú yín ti wọnú, ẹ ò lè jẹ ẹ̀kọ tó wà níwájú yín, mo sì rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ dúpẹ́, aṣọ sì wà ní Gbági, mo gbé báàgì mi kọ́ apá. Ní Ọjọ́rú ẹ ti lọ. Èmi ọmọ ògbùfọ̀ ni mo gba ọ̀rọ̀ yín bẹ́ẹ̀, láìtúmọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ta ni?

Ní ọjọ́ kejì tí mo pín ìwé ni Rísìkátù wá sí ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kí ẹ fún mi níwèé mi. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀."

Mo sọ òtítọ́ fún un: kò sí orúkọ lórí rẹ̀, mi ò lè mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀. Mo tún fi ohùn iṣẹ́ kún un pé ìwé tó bá ti wọlé ti wọlé. Ó ní ó dáa, mà, ẹ ṣeun, mà. Ó dúró díẹ̀ sí i, bíi pé ó ku nǹkan kan. Fóònù ọ̀gá mi ń dún, mo dìde lọ gbé e. Kí n tó padà ó ti lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé Rísìkátù ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ní kò jẹun mọ́, kì í dáhùn tí wọ́n bá pè é, á kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, èyí tó kú nígbà ìrọbí lọ́dún tó kọjá. Rísìkátù ni wọ́n rán lọ wá mọ́tò. Ó dúró de èyí tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ní Mọ́lété; kó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Látìgbà yẹn ni ó ti ń dúró níbẹ̀, Bàbá, bí ó ṣe yé mi nìyẹn.

Mo lọ kó gbogbo ìwé yẹn jáde, mo tẹ́ wọn sórí ẹní. Àwọn tó kọ Rárá látòkè délẹ̀ nìkan kún yàrá. Mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí ọwọ́ ti gbọ̀n, èyí tí báírò ti dúró pẹ́. Kò sí. Gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Àárọ̀ yìí ni mo wá ilé wọn lọ ní Bẹyẹrúnkà. Mo mú ìwé tuntun kan lọ́wọ́. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó ti ní irọ́ ni òun kọ sínú ti àkọ́kọ́, mo sì rò pé ìyẹn ni mo lè ṣe fún un, nítorí èmi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ìyá rẹ̀ tó ń ran fìlà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Rísìkátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tú òwú tó ta kókó. Ó ti rù. Ó kí mi, kò gbójú sókè.

"Nǹkan kan ò ṣe é o, mà," ni ìyá rẹ̀ wí kí n tó béèrè. "Ó kàn wá sinmi ni. Alihamudulilahi. Ìwé kí lẹ mú wá yẹn? Ṣé wọ́n fẹ́ lé e ni?"

Mo ní rárá, ìbéèrè lásán ni. Ojú ìyá yẹn yí padà. Ó ti sin ọmọ kan, kò ní gbà kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé nǹkan ń ṣe èkejì, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ó gbé fìlà sílẹ̀.

"Ẹ kà á sókè, kí èmi náà gbọ́."

Mo gbé ìwé àti báírò lé Rísìkátù lọ́wọ́, mo jókòó tì í, mo kà á. Ẹ̀yin kọ́ mi bí a ṣe ń kà á, kí ohùn má gbọ̀n, kí ojú má yà sí ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Bí mo bá ti ka ọ̀kan tán, ìyá rẹ̀ á ní, "Rárá o! Ọlọ́run ò ní jẹ́ a rí i," Rísìkátù á sì fa ìlà sábẹ́ Rárá. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé mẹ́tàlá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fi àmì sí pẹ̀lú ìka wíwú ni ìyá yẹn gbọ́ yékéyéké. Ó ní Yorùbá mi dùn. Ó wá rántí pé òun ò tíì fún àlejò lómi, ó dìde wọlé.

Ó ku ọ̀kan. Mo kà á jẹ́jẹ́: mo máa ń rò ó pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ohun tó ń dùn mí fún.

Rísìkátù gbójú sókè. Bàbá, ó wò mí. Kò wo ìwé, èmi ló ń wò, ẹnu rẹ̀ sì ti là díẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi ife bu omi nínú ìkòkò. Ó yẹ kí n sọ nǹkan. Mo ní Yorùbá, mo ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀kan tó wá. Mo wo ìwé náà, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí mo máa sọ sí. Ìyá rẹ̀ gbé omi dé, ó bi mí kí ni mo kà gbẹ̀yìn, kí n tó dáhùn Rísìkátù ti fa ìlà sábẹ́ Rárá, ó sì ti na ìwé náà sí mi.

Mo gbà á. Mo mu omi náà tán, mo kí wọn pé wọ́n ṣeun.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó tún ti dákẹ́ níbi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀.