Ìyá Tó Dá Àga Padà Fún Àwọn Tó Ni Ín: Ìgbésí Ayé Alhaja Rùkáyátù Àníkẹ́ Lìádì

Abà Ògúntúyì, lọ́nà oko Erunmu, ni wọ́n bí Màmá wa sí ní nǹkan bí ọdún 1947. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, ilé ń jò, ọmọ tuntun ń ké, ìyá ọmọ sì ń kọrin. Ògúntúyì ọdẹ, ẹni tó tẹ abà náà dó, ni bàbá wọn. Ọ̀ṣunbíyìí, tí kì í pọnmi láìkọrin, ni ìyá wọn. Àníkẹ́ ni oríkì tí wọ́n fún wọn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé wọ́n kẹ́ wọn lóòótọ́.

Ní ọdún 1954, wọ́n fi Màmá sí ilé ìwé ní Erunmu. Ìwé kejì ni wọ́n kà dé, nítorí àbúrò wọn ń fẹ́ ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí tíṣà fi orin kọ́ wọn kò kúrò lórí wọn títí wọ́n fi lọ. Bí ẹ bá bi Màmá pé kí ni méje lọ́nà mẹ́jọ, wọ́n á kọ́kọ́ mi orí, wọ́n á gbé orin, ìdáhùn á sì bá orin jáde.

Ní ọdún 1966, Alhaji Lìádì ti agboolé Olórí Àgbẹ̀ ní Erunmu gbé wọn níyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì ni àáfà sọ wọ́n ní Rùkáyátù. Bàbá wọn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ọdẹ lórí, ó ní, "Ẹ pè é ní orúkọ tó bá wù yín, bí ẹ bá ṣáà ti ń pè é wá jẹun." Ọlọ́run fi Safwan, Fàdìlàt àti Lateef ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí Àsmá'ù wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó kejì ní ọdún 1978, àwọn ará àdúgbò dúró kí ìjà orogún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró títí, orin ni wọ́n ń gbọ́. Ìyálé á lé e, ìyàwó á gbè é.

Epo pupa ni Màmá ń ṣe. Ẹkù wọn wà ní Òkè Ọ̀gẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń se ẹyìn, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń po epo. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí ìkòkò rẹ̀ tó o, nítorí náà wọ́n máa ń yá ara wọn. Òfin ẹkù kò sì pọ̀ rárá: a kì í dá ìkòkò oníkòkò padà lófìfo. Bí kò ju epo ṣíbí kan lọ, jẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orin tí Màmá dá sílẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo asàlátù agbègbè wa ń kọ títí di òní:

*Ohun a yá là ń dá padà o,*
*Ohun a yá là ń dá padà.*
*Ayé táa wà yìí, a yá a ni,*
*Ohun a yá là ń dá padà.*

Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2008. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fi wọ́n joyè Ìyá Àdínnì.

Ní ọdún 2019, àwọn ará ẹkùn ìdìbò wa dìbò fún Safwan, àkọ́bí Màmá, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Òun ló mú kí wọ́n la ọ̀nà abà Ìdí-Ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2021, àìsàn kékeré kan dé, ó sì di ńlá. Ọlọ́run gba Safwan. Màmá kò kọrin fún ìgbà pípẹ́, ilé náà sì dà bí ilé tí a kò mọ̀ rí.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ẹbí pé jọ láti pín ogún. Ìjọba sì ti kéde pé ìdìbò yóò wáyé láti fi ẹlòmíràn dípò olóògbé. Alhaji Lìádì ti ṣáájú ọmọ lọ, nítorí náà Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, ló pín oko kòkó fún àwọn ọmọ, ó pín mọ́tò fún ìyàwó, ó wá tún ọ̀fun ṣe.

"Àga ilé aṣòfin tó ṣófo yìí, ti Lateef ni. Òun ni àbúrò."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Màmá nìkan ni kò ṣe é.

"Mọ́gàjí, ẹ dákun, ṣé Safwan ra àga yẹn ni? Àbí inú yàrá rẹ̀ lẹ ti bá a?"

"Ìyá Safwan, ọ̀rọ̀ òṣèlú lèyí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò."

"Ìkòkò ni, Mọ́gàjí. Àwọn èèyàn ló yá a. Kí a tó pín ogún, ṣé a kì í kọ́kọ́ dá ohun àyálò padà ni?"

Lateef dìde. Omi ti lé sí ojú rẹ̀. "Màmá, èmi nìkan ló kù fún yín lọ́kùnrin. Ṣé ọwọ́ mi lẹ ti fẹ́ gbà á?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Màmá dé egungun. Ẹgbẹ́ òṣèlú fa Lateef kalẹ̀, wọ́n sì lẹ pósítà káàkiri, àwòrán ẹ̀gbọ́n lápá kan, ti àbúrò lápá kejì.

Màmá rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì kéékèèké, wọ́n pe ọlọ́kadà, Àsmá'ù jókòó sẹ́yìn wọn, ó di ẹrù mú. Abà dé abà ni wọ́n ń lọ. Ibi tí wọ́n bá dé, wọ́n á kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí wọn, wọ́n á ní, "Ẹ yá ọmọ mi ní àga. Ọmọ ti lọ. Ẹ gba àga yín o, ẹ sì forí jì í níbi tó bá ti dọ̀tí sí i lọ́wọ́." Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì kan sílẹ̀, nítorí a kì í dá a padà lófìfo.

Àṣìṣe ibẹ̀ rèé: wọ́n gbàgbé pé àsìkò ìbò ni. Ta ló ń rí epo lásìkò ìbò tí kò ní mọ ohun tí epo ń wí?

Baálẹ̀ Ìdí-Ọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti yé wa, Ìyá. Lateef la ó tẹ̀ka fún."

"Mi ò ní kí ẹ tẹ̀ka fún ẹnikẹ́ni."

"A gbọ́! A ò ní í sọ fún ẹnì kan." Ó sì ṣẹ́jú sí wọn.

Kí wọ́n tó délé, àwọn alátakò ti ń pariwo lórí rédíò pé ìyá arúgbó kan ń fi epo ra ìbò. Lateef náà gbọ́. Ó fi ijó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Màmá mi, mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi mí sílẹ̀!"

Bí Màmá bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ọmọ wọn á wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò dákẹ́. "Ọkọ mi, mi ò polongo fún ọ. Mo dá àga padà ni, kí wọ́n fún ẹni tó bá wù wọ́n. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ẹ, fi ẹnu ara rẹ tọrọ rẹ̀. Má gun èjìká òkú."

Lateef mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó jáde. Ọjọ́ kejì, Màmá tún gun ọ̀kadà padà sí gbogbo abà tí wọ́n ti lọ, wọ́n ṣàlàyé pé epo àga ni, kì í ṣe epo ìbò. Wọ́n mọ ohun tí àlàyé náà yóò ná wọn.

Leah, olùkọ́bìnrin kan, ló wọlé ìbò náà. Kódà ní ibùdó ìdìbò ẹnu ọ̀nà wa, òun ló borí. Ẹni tí Màmá tẹ̀ka fún, àwọn àti Ọlọ́run wọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Lateef kó lọ sí Ajíbódé, ó ní òun kò lẹ́bí mọ́. Iléyá dé, a kò rí i. Màmá bu ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀ títí tó fi gbẹ.

Nígbà tí a ń ṣe àdúrà ọdún kan Safwan, Lateef wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò wọlé. Ibi tó dúró sí ni àwọn ará abà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ìdí-Ọ̀rọ̀ dé, Abà Ìrókò dé, Òkè Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé. Olúkúlùkù gbé kẹ́ẹ̀gì Màmá dání. Ẹ̀wà wà nínú tòmíràn, gàrí wà nínú tòmíràn, oyin wà nínú ti Ìdí-Ọ̀rọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé Lateef ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ni wọ́n ń kó o fún.

"Gbà á, ọmọ Ìyá. Ìkòkò kì í padà lófìfo."

Apá rẹ̀ kò ká a mọ́. Ó kó wọn wọlé, ó kó wọn sí iwájú Màmá, ó sì ṣubú lé wọn lẹ́sẹ̀. "Màmá, wọ́n dá a padà o."

"Mo mọ̀ pé wọ́n á dá ọ padà," ni Màmá wí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni orin padà sílé wa.

Màmá sùn, wọn kò jí, ní àárọ̀ Jímọ̀ kan ní ọdún 2025. Wọ́n fi ìyàwó wọn Àsmá'ù sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú Fàdìlàt àti Lateef, ìyàwó Safwan, àwọn ọmọ-ọmọ bíi Khàlíl àti Olúwadọ̀tun, àti àtọmọdọ́mọ tí a kò ní í fi ẹnu kà tán.

A kò tíì pín ogún wọn. Ìkòkò ńlá kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, èyí tí Màmá yá lọ́wọ́ Ìyá Josiah, aládùúgbò wa. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, tí Mọ́gàjí jókòó tó ń tún ọ̀fun ṣe, Lateef ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ní sùúrù díẹ̀. Ó fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní, ó rọ epo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbé e rù, ó sì dá a padà.

Àníkẹ́ ọmọ Ògúntúyì, ayé tí ẹ yá, ẹ ti dá a padà. Ẹ kò sì dá a padà lófìfo. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Àlùjánnà, níbi tí orin kì í ti tán lẹ́nu ẹni. Ẹ sùn ire o, Màmá wa. A óò máa gbè é lẹ́yìn yín.