Ẹ́ńjìnnì Tí A Pè Ní Ti Faransé

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gíríbì.

Gbogbo wa là ń pe ẹ́ńjìnnì ìlọta àtijọ́ Alájà Sàfú ní ti Faransé, torí Àbíjáánì ni ọkọ wọn ti gbé e bọ̀. Lónìí tí mo fọ ọ́ kí n lè tún un ṣe, orúkọ kan yọ lábẹ́ ọ̀rá dúdú, pẹ̀lú orúkọ ìlú kan ní Amẹ́ríkà.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ará Jámánì ló ni orúkọ náà, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì bẹntiróò. Ó wá lọ dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Kí ló wá gbé e débẹ̀? Ṣé kò lè ṣe é nílé, kó fi ọkọ̀ ojú omi kó o ránṣẹ́ ni?

Mo bi Alájà. Wọ́n ní, “Kí ló gbé bàbá ẹ lọ sí Àbíjáánì?”

Mo ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ni.

“Ṣé ọkọ̀ kì í bàjẹ́ ní Èjìgbò wa níbí ni?”

Ẹ̀rín pa mí.

Mo ti fẹ́ kun ibi orúkọ yẹn lọ́dà tẹ́lẹ̀. Màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ará Jámánì yẹn ní ọmọ tó ń retí rẹ̀, bí mo ṣe máa ń retí bàbá mi ní gáréèjì ọkọ̀ Àbíjáánì tí Iléyá bá ti kù díẹ̀?