Kì í Ṣe Lára Yín Ni Mo Ti Kó Ikọ́ Yìí

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Yàrá yín lẹ́yìn ilé ní Ìjàn ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Àwọn ará ilé ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì ti rìn kánkán lọ kí n tó jáde.

Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí mo ṣì ń tọ́jú yín, ẹ kò jẹ́ kí n fọ aṣọ yín mọ́. Ògiri lẹ máa ń kọjú sí kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ rò pé ẹ ti kó ikọ́ ife ran ọmọ yín. Èrò yẹn lẹ gbé lọ sọ́run. Bàbá Títí, ọkọ mi, gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ó lé mi kúrò nílé rẹ̀ ní Ìyìn, ó ní kí n gbé àrùn ìyá mi lọ, ó sì gba Títí lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, dókítà obìnrin tó tọ́jú wa l'Adó ránṣẹ́ pè mí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lókè òkun. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò ikọ́ ife ní ìran tiẹ̀ bí èèyàn, pé èyí tó pọ̀ nílẹ̀ kan lè ṣọ̀wọ́n níbòmíràn. Tiyín jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń rí níbí. Tèmi kò bá a tan rárá. Àwọn aláìsàn Àbíjàn ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀.

Ó ní, “Kì í ṣe lára ìyá rẹ lo ti kó o. Ta ló ti Àbíjàn dé nílé yín?”

Ta ni ì bá tún jẹ́, Yèyé mi? Ṣé ẹ rántí bí Bàbá Títí ṣe rù nígbà tó ti ibi iṣẹ́ bíríkìlà ní Àbíjàn dé, tó ń wúkọ́, tó ní ọyẹ́ ni? Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ó lè má jẹ́ kí n fojú kan ọmọ mi mọ́. Bí mo bá dákẹ́, abẹ́ òrùlé kan náà lòun àtọmọ ń sùn. Mo dárúkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan bá mi lọ sí Ìyìn láti yẹ òun àti ọmọ wò. Bàbá Títí kò jẹ́ ká wọlé. Nígbà tí a tún padà lọ, ó ti gba ọ̀nà Àbíjàn lọ. Ìyá rẹ̀ mú Títí jáde, ọmọ náà ń wúkọ́. Ìyá ọkọ mi gbé àpò aṣọ ọmọ sílẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi àti Títí la wà ní yàrá yìí báyìí, tí a ń lo oògùn. Títí máa ń dúró lójú fèrèsé, á máa wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Wọn kì í pè é. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà fún àbúrò yín. Ó ní kí n yé purọ́ mọ́ ọkọ mi. Ẹ̀yin náà ni wọ́n ṣì ń dárúkọ káàkiri ìlú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà yín lẹ́nu wọn, èmi tí wọn kò fẹ́ sún mọ́?

Lánàá, Títí bi mí pé, “Ṣé ìyá àgbà ló fún wa ní ikọ́ yìí?” Mo ní rárá. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Títí náà ń kí yín.