Ìtàn Àdùnní tí mo fi pa mọ́

Igbó-Ọrà, Sátidé, 17/8/1974

Ikán kò jẹ ìwé Àdùnní. Èmi tíṣà rẹ̀ ni mo purọ́ fún un pé ikán jẹ ẹ́, nígbà tó wà nílé ìwé, tí mo fi ìtàn àròsọ tó kọ pa mọ́, torí pé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń bú ara wọn bí ará ilé wa. Nígbà náà, mo gbà pé ìwé gbọ́dọ̀ wàásù.

Àwọn ìwé ìtàn tuntun kì í wàásù mọ́. Nínú èyí tí mo kà lónìí, ìyàwó ń fi ọkọ ṣẹ̀fẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe ń mú ohùn ènìyàn báyẹn? Àdùnní mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Mo gbé ìtàn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, mo jẹ́wọ́.

“Ikán yín mà mọ̀wé o, Bàbá Tíṣà!” Ó dá maṣíìnì dúró. “Látìgbà náà ni mi ò ti kọ̀tàn mọ́.”

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé ìtàn náà fún un.