Ọgọ́rùn-ún Wákàtí Tí Sípíkà Rẹ Fi Kọrin Lọ́dọ̀ Wa

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2006

Gbémiga Àlàmú, ọmọ mi,

Ẹni tó rán mi níṣẹ́ ni mo ń jábọ̀ fún, torí náà jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ṣé o ń sùn dáadáa, ṣé ẹ̀fọn Fẹ́sítáàkì ò pọ̀ jù? Àwa wà, a dúpẹ́. Olúwa yóò máa ṣọ́ ọ níbi iṣẹ́ rẹ, wọn ò ní fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tìrẹ, àmín. Ọ̀sà kún díẹ̀ lóṣù yìí, ẹja wà, mo ń yan án lójoojúmọ́, ewúrẹ́ Ìyá Láídé sì bí ìbejì, akọ kan abo kan.

Ọ̀rọ̀ ẹrù rẹ ló kàn. Ọkọ̀ Fàwáz ló gbé wa láti èbúté Máìlì Tú, mo gbé àpótí kan lé itan, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há èkejì, omi ò ta sí wọn lára. Fàwáz ní kí ló wà níbẹ̀ tí mo fi dì í mú bí ọmọ ọwọ́, mo ní sípíkà ọmọ mi ni, ó ní irú sípíkà wo ni kò tóbi ju àpò gaàrí lọ. Fàwáz kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èmi àti ìwọ jọ lọ sí ọjà Tíréèdì Fíà. Ìwọ fẹ́ ra gàgàrà dúdú yẹn tí iná ń tàn yípo lára rẹ̀, ọlọ́jà sì ń yìn ín, ó ní agbára rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan wáàtì. Èmi di ojú mi, mo ní kó fi orin kan náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má sì jẹ́ kí ọ̀kan pariwo ju èkejì lọ. Gàgàrà yẹn ń kọrin bí ẹni tó wà nínú kànga. Ìgbà tó kan onígi kékeré yìí, mo gbọ́ bí obìnrin tó ń kọrin ṣe mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Mo ní èyí ni. O ní Màmá, èyí ló kéré jù, òun ló tún wọ́n jù. Ṣùgbọ́n o gbọ́ tèmi, o ò ní ṣi ọ̀nà láyé rẹ.

O wá ṣàlàyé pé ara rẹ̀ ṣì le, pé ó ní láti kọrin fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kí ohùn rẹ̀ tó là, pé o ò sì lè ṣe é ní fúláàtì rẹ torí Màmá Bernice tó ń gbé lókè orí rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó yé mi. Bí Bàbá rẹ bá kan ọkọ̀ tuntun, ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ fi í sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí pákó rẹ̀ wú, kí ó tó gbé èèyàn. Bọ̀dá Fọláránmi, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló so wáyà rẹ̀ bí o ṣe yà á sínú ìwé, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, wọ́n sì yá wa ní jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Wákàtí méje ló ń kọ lójúmọ́. N kò jẹ́ kó pariwo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àlejò ni.

Mo rí iyọ̀ nínú ọ̀rá kékeré kan nísàlẹ̀ páálí. Mo mọ̀ pé iyọ̀ ìsọmọlórúkọ ni, mo ti fẹ́ tọ́ ọ wò kí Bọ̀dá tó ní wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Mo tọ́jú rẹ̀ dè ọ́, bóyá ẹni tó ra ẹrù nìkan ni wọ́n fún. Fọ́ọ̀mù kan tún wà níbẹ̀. Bọ̀dá kà á fún mi pé fún ọdún kan gbáko, wàhálà yòówù tó bá yọ, kí a kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Mo kí wọn, mo kí ìyàwó wọn, mo sọ fún wọn pé sípíkà ò ní wàhálà kankan, òrùlé ilé ìdáná wa ló ń jò, mo sì kọ etí Bàbá rẹ náà sí i. Ó wà nínú àpòòwé yìí, bá mi fi ránṣẹ́.

Ohun kan yà mí lẹ́nu. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, ṣùgbọ́n akọrin yẹn kì í dúró sọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn, àárín ló ń dúró, níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo wo ẹ̀yìn kọ́tìnì, n kò rí èèyàn. Mo gbé àga kan síbẹ̀ fún un, torí ẹni tó bá fi wákàtí méje kọrin lórí ìdúró, ẹsẹ̀ á máa dùn ún.

Wàyí o, Bàbá rẹ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí etí wọn ti ń di, wọ́n ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ ju kí wọ́n béèrè oúnjẹ lọ. Bí a bá dárúkọ dókítà, wọ́n á ní etí àgbà ò ní oògùn. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n wọlé wá bínú sí epo tí à ń jó, wọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ náà, wọ́n wá fọwọ́ ti àpótí ọwọ́ ọ̀tún. Igi rẹ̀ ń gbọ̀n pẹ̀lú orin, ọwọ́ wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ìka kan igi rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n ní ẹni tó kan èyí mọ iṣẹ́. Wọ́n fa àga akọrin sún mọ́ ọn, wọ́n jókòó sórí rẹ̀. Mo ní ẹlòmíràn ló ni àga yẹn, wọ́n ní kí onítọ̀hún wá lé àwọn dìde. Orin ìjọ tí o fún mi ló ń lọ, nígbà tó yá mo gbọ́ ohùn kan tó rẹlẹ̀ tí kò sí nínú orin náà tẹ́lẹ̀, mo rò pé sípíkà ti là nìyẹn. Bàbá rẹ ni. Báàsì wọn àtijọ́ ni wọ́n ń kọ. Mo jáde lọ sídìí ẹja tí mo ń yan, kí wọ́n lè rò pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Láti ọjọ́ náà, wọn kì í pa á jẹ. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ìsàlẹ̀ orin, òkè rẹ̀ ni kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn. Mo kígbe sí wọn létí pé obìnrin yẹn máa ń mí sínú kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń wẹ̀ kí n tó jí, wọ́n ní dókítà etí tí ìwọ Gbémiga ń sọ, ṣé ó ṣì ń gba aláìsàn, pé àwọn fẹ́ gbọ́ èémí obìnrin náà fúnra àwọn.

Kí n má purọ́ fún ọ, ọgọ́rùn-ún wákàtí ti pé láti ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ ti là, ó rọ̀ bí òróró. Mo ń bẹ̀ ọ́ ni, jẹ́ kó lo ọgọ́rùn-ún mìíràn. Fi owó epo ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ èmi àti Bàbá rẹ, kí o sì bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà yí ọkàn padà. Má fi sínú fóònù o, nọ́ńbà káàdì ìpè tí o ní kí n tà, tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, mo tẹ̀ ẹ́ tán, fóònù gbé e mì, n kò rí kọ́bọ̀. Fi rán Fàwáz.

Ire tí ń bọ̀ wá bá ọ kò ní ṣìnà lójú omi. Wàá ní ilé tó tóbi ju fúláàtì lọ, níbi tí ọmọ tuntun lókè kò ti ní í dí ọ lọ́wọ́, àyàfi tó bá jẹ́ tìrẹ. Bàbá rẹ kí ọ, wọ́n ní kí n má kọ̀wé pẹ́, àwọn ti tan jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹ̀bùnlọlá